Ike Oògùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Iléṣà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi bíi tèmi. Manchester ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Iléṣà ni ọ̀rọ̀ òní wà, nínú yàrá màámi, níbi tí agolo mílíìkì kan wà tí wọ́n ń kó gbogbo oògùn wọn sí.

Ní èṣí, mo fi ike ibuprofen ńlá kan rán ẹni tí ó ń lọ sílé, nítorí pé orúnkún ń dun màámi. Mo rò pé oògùn tí à ń rà níbí láìgba ìwé dókítà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ń lò ó láàárọ̀, wọ́n ń lò ó lálẹ́, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, torí pé lójú tiwọn, ohun tí ọmọ fi ránṣẹ́ kì í ṣe oògùn, ìtọ́jú ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ibuprofen a máa mú kí iyọ̀ àti omi dúró sára, a sì máa dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, pàápàá lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ màámi ga sí i. Dókítà fi kún amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, amlodipine sì mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú. Nítorí ẹsẹ̀ tó wú náà, wọ́n tún fún wọn ní oògùn tí ń múni tọ̀. Ìtọ̀ wá ń jí wọn lóru, bí wọ́n bá sì dìde lójijì, òòyì a kọ́ wọn. Òru ọjọ́ kan ni wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

Eegun kankan kò ṣẹ́, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀rù ba àwa ọmọ, a ní kí wọ́n jókòó sójú kan. Màámi tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Atákúnmọ́sà wá di ẹni tí kì í rìn ju láti orí àga dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Apòògùn kan ládùúgbò ni ó da agolo náà sórí ẹní, tí ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èmi sì ń wò ó lórí WhatsApp. Nígbà tí ó kan ike tèmi, ó yí i lọ́wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Màmá, ta ló fún yín ní èyí?”

“Ọmọ mi ni.”

Kò ní kí wọ́n da ìkankan nù, nítorí ewu wà nínú kí ènìyàn ṣàdédé dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, ó ní kí wọ́n mú un lọ fún dókítà. Dókítà yọ ibuprofen kúrò, ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìjókòó àti ní ìdúró, ó sì ń dín ìyókù kù díẹ̀díẹ̀.

Òun náà ni ó ní kí wọ́n padà sí rírìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa lo ara fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí ó sì fi eré tí ń fún ara lágbára, tí ó sì ń kọ́ ara ní ìdúró ṣinṣin, kún un ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó má baà máa ṣubú. Irú eré bẹ́ẹ̀ a tún máa dín ìrora orúnkún kù, èyí tí mo ń fi ike oògùn wá.

Nígbà tí mo gbọ́ pé dídìde lórí àga láìfọwọ́tì wà lára rẹ̀, àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn ni mo rántí, àwọn Òṣómàáló, tí wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ẹsẹ̀ wọn le. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màámi, wọ́n sì ní bàbá àwọn gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Lánàá, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n tẹ orúnkún dé ìdajì, wọ́n ka mẹ́fà. Wọ́n ní ó di ọ̀la kí àwọn tó ka keje.