Bí a ṣe ń fi SMA yọ purotéènì kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì láì bà á jẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Yàrá ìwádìí wa ní Ilé-Ifẹ̀ rèé. Purotéènì tó ń gbé inú awọ sẹ́ẹ̀lì la fẹ́ yọ lónìí, ká lè lò ó nínú sẹ́ẹ̀lì àtọwọ́dá. Ọṣẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọṣẹ á yọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á bọ́ ọ̀rá tó yí i ká dànù, ọ̀pọ̀ purotéènì kì í sì ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú rẹ̀ ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì àtọwọ́dá?

SMA (styrene-maleic acid) ni pólímà, ìyẹn èròjà tí mólékù rẹ̀ gùn bí okùn, tí mo gbé dání yìí. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Birmingham gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 2009. Ńṣe ló ń gé awọ sẹ́ẹ̀lì bí a ṣe ń fi ẹnu ife gé fúláwà míìtì-páì: pẹlẹbẹ róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nanomítà 10, tòun tọ̀rá tirẹ̀.

Ẹ wò ó. Awọ bakitéríà E. coli tí mo ti fọ̀ rèé, mílígíráàmù 60 nínú mílílítà kan bọ́fà Tris (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà), pH 8. Mo pò ó mọ́ SMA 5% ní ìwọ̀n kan náà, ó di 2.5%. Ẹ jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì láìsí yìnyín. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń mọ́ gaara?

Ẹ dúró síbí dáadáa. Bí pH bá lọ sílẹ̀ ju 6.5 lọ, ìyẹn bí ásíìdì bá pọ̀ jù, SMA á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Magnesium àti calcium náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kànga po bọ́fà, omi dístíìlì ni. Bí purotéènì yín bá sì ń lo ATP (èròjà agbára sẹ́ẹ̀lì), ó di dandan kí magnesium wà níbẹ̀; DIBMA, pólímà míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni kí ẹ lò, ó fara dà á jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi centrifuge yí i ní 100,000 g fún wákàtí kan ní 4°C. Omi orí rẹ̀ la fẹ́. Ẹ dà á sórí rẹ́sìnì nickel (ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó máa ń di purotéènì wa mú), kó sun síbẹ̀ mọ́jú, torí pólímà tó ṣẹ́ kù máa ń dí purotéènì lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ nickel. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó tú purotéènì kúrò lórí nickel.

SMA fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ UV mọ́ra, nítorí náà ẹ má gbára lé kíkà UV ní 280 nanomítà tí a fi ń wọn purotéènì. Orí gẹ́ẹ̀lì, tó ń ya àwọn purotéènì sọ́tọ̀ ní ìlà-ìlà, ni kí ẹ wò. Bí ìlà rẹ̀ bá mọ́, ẹ pín in sínú túùbù kéékèèké, kí ẹ kọ pH bọ́fà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn yín má lọ da ásíìdì sí i.