Wáàsí Jímọ̀: Ẹni Tó Gbé Àpò Àti Ẹni Tó Gbá Bọ́ọ̀lù

Asalamu alaikum, ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Ìperu.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan ń gba bàbá rẹ̀ nímọ̀ràn nípa Ànábì Mùsá, ó ní ẹni tó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni alágbára tó ṣeé fọkàn tán (Al-Qasas, 28:26). Ohun méjèèjì yìí ni kádì, ẹni tó ń gbé àpò gọ́ọ̀fù, fi ń jẹun.

Àpò wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù nìkan kọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣírò bí ihò tí bọ́ọ̀lù máa wọ̀ ṣe jìnnà tó, tó ń wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tó sì ń sọ ọ̀pá tó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, mú. Bí ọ̀gá bá lọ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń díje, wọn á fi gbígbá méjì kún iye tó gbá bí ìyà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí gbígbá rẹ̀ kéré jù ló ń borí. Kádì rẹ̀ ló lè bi.

Ọ̀pá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ nínú àpò. Ní ọjọ́ ìkẹyìn The Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan, lọ́dún 2001, agbágọ́ọ̀fù Ian Woosnam ti gbá ihò àkọ́kọ́ dáadáa kí kádì rẹ̀ tó rí i pé 15 ló wà níbẹ̀. Kíkà lásán ni kò kà á! Wọ́n fi gbígbá méjì kún un. Woosnam bínú gan-an, síbẹ̀ kò lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kádì náà sùn kọjá àkókò iṣẹ́, wọ́n bá pínyà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, lójú tèmi: àṣìṣe yàtọ̀ sí àìbìkítà.

Kádì mìíràn, Bruce Edwards, bẹ̀rẹ̀ sí gbé àpò fún agbágọ́ọ̀fù Tom Watson lọ́dún 1973. Ó lọ bá agbágọ́ọ̀fù mìíràn, Greg Norman, ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó padà, Watson sì gbà á. Àrùn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára mú un lọ́dún 2003. Watson kò gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wá owó fún ìwádìí àrùn náà. Edwards kú ní oṣù kẹrin, 2004.

Owó ńkọ́? Kádì àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní owó ọ̀sẹ̀, bí ọ̀gá bá sì borí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀bùn ló wọ́pọ̀. Wọ́n ti fẹnu kò lórí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjà Òkè-Àjẹ níhìn-ín, “gbé e ná, a ó rí sí i” là ń sọ fún alábàárù, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ànábì (SAW) ní ká san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ (Ibn Majah).

Eré gọ́ọ̀fù oníhò 18 máa ń gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá lónìí kò ní bá kútúbà. Aago méje ló dára. Kádì náà ní Jímọ̀ tirẹ̀, ẹ má fi í ṣọ́ àpò nígbà tí ẹ̀yin bá ń lọ kírun.