Louis Jouvet: Òṣèré Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọ Orí Ìtàgé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti wo sinimá Faransé àtijọ́ ló mọ ojú Louis Jouvet, kódà bí orúkọ rẹ̀ ò bá wá sí wọn lẹ́nu. Ọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ ràn, ó sì máa ń gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá. Sinimá ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àmọ́ àpò owó lásán ni sinimá jẹ́ fún un. Ìtàgé ni oko rẹ̀. Owó tó bá rí nínú fíìmù, inú oko yẹn ló ń dà á sí, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n bí i ní Crozon, ní ẹkùn Bretagne, lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1887. Bàbá rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ ní 1902, ẹbí ìyá rẹ̀ sì ní apòògùn ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbà, ó lọ kọ́ ọ ní Paris. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń po oògùn lọ́sàn-án ló ń ṣeré lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán ìdánwò àbáwọlé Conservatoire wò, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn òṣèré, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sí i.

Ọdún 1913 tó gba ìwé ẹ̀rí apòògùn náà ni Jacques Copeau, olùdarí eré kan, ṣí ilé tíátà Vieux-Colombier ní Paris, ó sì mú Jouvet mọ́ra. Kì í ṣe pé ó kàn ní kó wá ṣeré. Jouvet ni ọ̀gá ẹ̀yìn ìtàgé: òun ló ń gé pákó, òun ló ń kan ìṣó, òun ló ń to iná. Lójú tèmi, ibí ni gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ti wá. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó ìtàgé mọ ibi tí ẹsẹ̀ òṣèré á ti dún àti ibi tí ohùn rẹ̀ á ti rì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iná. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀wọ́ iná kan máa ń wà nílẹ̀ ní etí ìtàgé, níwájú ẹsẹ̀ òṣèré gan-an. Ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá, torí náà òjìji imú á gun iwájú orí, ihò ojú á ṣófo, òṣèré á wá máa fi àtíkè tó nípọn tún un ṣe. Vieux-Colombier kó iná ìsàlẹ̀ yìí dànù. Jouvet ṣe àtùpà oníhà mẹ́jọ tí wọ́n gbé sókè, tí wọ́n fi àwọ̀ oríṣiríṣi sí àwọn ìhà rẹ̀, tó sì ṣeé yí láti òkèèrè kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lè yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni gun àkàbà. Àwọn ará ilé eré náà fi orúkọ rẹ̀ pe àtùpà ọ̀hún: wọ́n ní «jouvet». Òṣèré mélòó ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ iná?

Ní 1914, nínú Twelfth Night ti Shakespeare, ó ṣe Andrew Aguecheek, ọ̀dẹ̀ ọlọ́lá tí gbogbo èèyàn ń rẹ́ jẹ, àwọn èèyàn sì rí i pé ẹni tó ń kan ìṣó yìí mọ eré ṣe. Ogun dé, ó lọ, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fún un. Láti 1917 sí 1919, ó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Copeau ní Garrick Theatre ní New York. Ní 1922, ó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Comédie des Champs-Élysées, ilé tíátà mìíràn ní Paris.

Níbẹ̀ ni Knock, eré Jules Romains, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1923. Dókítà kan dé ìlú kékeré tí ara gbogbo èèyàn le. Kí eré tó parí, ó ti sọ gbogbo wọn di aláìsàn. Ó bi akéde ìlú tí nǹkan ń ṣe lára bóyá ṣe ni ó ń rìn ín lára ni àbí ó ń yún un. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí lédè Faransé débi pé ọkùnrin náà ò mọ èyí tó máa mú, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ òṣèré ti ń ba eré yìí jẹ́ nìyí: wọ́n máa ń ṣẹ́jú sí òǹwòran, bí ẹni ń sọ pé «ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbájú-ẹ̀ ni mí». Bí òṣèré bá ti ṣẹ́jú báyìí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín tán ní ìdajì eré. Jouvet ò ṣẹ́jú. Ó fi ìdákẹ́jẹ́ apòògùn tó ń wọn oògùn lórí òṣùwọ̀n ṣe é. Ìgbàkígbà tí owó bá gbẹ nílé eré rẹ̀, Knock ló ń gbé padà; ó ṣe é ju ìgbà 1,000 lọ, ó sì ṣe é ní fíìmù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1933 àti 1951.

Láti 1928, tó gbé eré Siegfried jáde, òun àti òǹkọ̀wé Jean Giraudoux di ìgbín àti ìkarahun. Ní 1934, ó gba ilé tíátà Athénée. Ọdún yẹn náà ni Conservatoire pè é wá ṣe olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Conservatoire yẹn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ká dúró tì díẹ̀ ni L'École des femmes ti Molière, tó bẹ̀rẹ̀ ní Athénée ní oṣù Karùn-ún ọdún 1936. Ìṣòro tó wà nínú eré náà rèé: gbangba òde ni Molière fi í sí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa sọ wọ́n lójú títì. Bí ẹ bá ń fa aṣọ ìtàgé wálẹ̀ láti pààrọ̀ ibùdó, eré á máa já. Christian Bérard tó ya àwòrán ìtàgé náà fi ògiri ọgbà méjì ṣe é, wọ́n pàdé ní ṣóńṣó níwájú bí imú ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá ṣí wọn sápá ọ̀tún àti òsì, inú ọgbà tí Arnolphe, ọkùnrin àgbà inú eré náà, há ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya mọ́ á yọ síta. Bí wọ́n bá pa á dé, òde ni a tún wà. Àwọn àtùpà alábẹ́là sì rọ̀ sókè lórí gbangba òde yẹn, bí ẹni wà ní pálọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí àtùpà pálọ̀ ń wá níta.

Ewì tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sílébù 12 ni eré náà, ìdádúró rẹ̀ sì wà lẹ́yìn sílébù kẹfà. Òṣèré tó bá mí sí ibi tí kò yẹ, ó ti já ìlà náà, àwàdà inú rẹ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀. Ohun tí Jouvet ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìyí: èémí òǹkọ̀wé wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ wá a kàn kí ẹ tó máa wá omijé. Akọ̀wé rẹ̀, Charlotte Delbo, ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. A rí i nínú àkọsílẹ̀ náà pé láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, ó fi ẹ̀kọ́ méje kọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ìran kan ṣoṣo nínú Dom Juan, eré Molière mìíràn, níbi tí Elvire ti wá kìlọ̀ fún ọkọ tó já a jù sílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí òṣèré máa ṣe é bí aya tó ń bẹ̀bẹ̀. Elvire ò wá gba ọkọ padà. Ìfẹ́ yẹn ti kúrò lára rẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan ló kù.

Ní 1941, pẹ̀lú àwọn ará Jámánì ní Paris, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Látìn Amẹ́ríkà, láti Bùràsíìlì títí dé Kúbà àti Mẹ́síkò. Kó tó padà ní 1945, Giraudoux ti kú, ó sì fi eré La Folle de Chaillot sílẹ̀ fún un. Jouvet gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Marguerite Moreno ló sì ṣe ìyá arúgbó inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1951, wọ́n ń ṣe ìdánrawò lọ́wọ́ ní Athénée nígbà tí àìsàn ọkàn kọlù ú. Inú ọ́fíìsì rẹ̀ nílé eré náà ló kú sí lọ́jọ́ 16.

Fún ẹni tó fẹ́ wò ó: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Quai des Orfèvres ti 1947, níbi tó ti ṣe ọlọ́pàá tó ti rẹ̀. Hôtel du Nord ti 1938 dùn, ṣùgbọ́n Arletty, òṣèrébìnrin inú rẹ̀, ló gba eré mọ́ ọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Entrée des artistes, ti 1938 bákan náà. Olùkọ́ Conservatoire ló ṣe. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, wọn ò sì fẹ́ kó ṣe òṣèré. Olùkọ́ náà lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ó dúró láàárín aṣọ àwọn oníbàárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.