Ohun Tí Kọnkéré Bá Ti Bò: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Di Alábòójútó Iṣẹ́ Ìkọ́lé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀gá sáìtì ni ẹni tó dé akoto, tó ń pàṣẹ kiri. Ká tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ tí a fẹ́ da dẹ́kìn. Alábòójútó á ti gun òkè lọ wò ó bóyá irin tí wọ́n tò bá àwòrán mu. Á bẹ̀rẹ̀, á yọjú sí abẹ́ irin: ṣé wọ́n fi nǹkan gbé e kúrò lára pákó? Bí irin bá sún mọ́ ìta jù, omi àti atẹ́gùn á dé ibẹ̀, á dípẹtà, á wú, á sì la kọnkéré láti inú wá. Á wo igi tó gbé pákó ró bóyá ilẹ̀ tó le ló dúró lé. Ohun tí kọnkéré bá ti bò, ojú ò tún rí i mọ́.

Omi ló wá kù. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, lọ́sàn-án gangan, kọnkéré ń gan, lébírà kan bá da odidi korobá omi sí i kó lè rọrùn fún ṣọ́bìrì. Mo rí i, mo dákẹ́, mo ní àwọn àgbà iṣẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ kọnkéré tí a bù sínú mọ́ọ̀dù wò ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, agbára rẹ̀ ò tó. A fọ́ apá ibẹ̀ dànù. Ó ṣì ń dùn mí. Omi àpọ̀jù máa ń fi ihò tíntìntín sílẹ̀ nínú kọnkéré bó bá gbẹ.

Bẹ́ẹ̀ ìdánwò tí a fi ń mọ̀ bóyá omi ti pọ̀ jù nínú kọnkéré ò le. Irin onífúnẹ́ẹ̀lì kan wà tó ga ní mìlímítà 300. Ẹ bu kọnkéré sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi ọ̀pá gún un nígbà 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra fa irin náà sókè, kí ẹ wọn bí kọnkéré ṣe rọlẹ̀ tó. Bó bá rọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dá a padà.

Ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1981, afárá ìrìn méjì já nínú hótẹ́ẹ̀lì kan, ènìyàn 114 kú. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin gígùn kan náà ló gbé afárá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Wọ́n pín ọ̀pá náà sí méjì kí iṣẹ́ lè rọrùn, ni afárá ìsàlẹ̀ bá wá ń rọ̀ mọ́ ti òkè, ẹrù tó wà níbi tí wọ́n ti so ti òkè sì di ìlọ́po méjì. Kò sẹ́ni tó tún un ṣírò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ẹ jẹ́ ká kàn ṣe é báyìí," ẹ ní kí ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀ ná.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀? Àwọn kan gba yunifásítì tàbí pólì, wọ́n kọ́ ìmọ̀ ìkọ́lé tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ bíi bíríkìlà tàbí káfíńtà, wọ́n di fóòmàn, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán. Lójú tèmi, àwọn kejì ló máa ń tètè rí àṣìṣe. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń tẹ irin, kí ẹ bi wọ́n: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ tẹ ti igun yìí báyìí?" Wọ́n á sọ fún yín.

Kí ẹ sì ní ìwé ojoojúmọ́, láti ìgbà tí ẹ bá ti ń kọ́ṣẹ́: bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye òṣìṣẹ́ tó wá, sìmẹ́ńtì tó wọlé, ibi tí a da kọnkéré sí, ẹni tó ní ká dúró àti ìdí rẹ̀. Tèmi ti ọjọ́ korobá omi yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òfìfo ni ojú ewé náà.