Kókó Inú Ẹ̀dọ̀fóró: Ẹ Má Ju Fọ́tò Àtijọ́ Nù

Ẹ wo àwòrán X-ray àyà yìí dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dúdú. Ẹ wá wo òkè lọ́hùn-ún: nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, kò ju ekùrọ́ lọ. Òun là ń pè ní kókó.

Ká ní ìyá kan tó ń yan ẹja l'Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń tà á lọ́jà Olúwo, ló ni àwòrán náà. Ikọ́ tí kò lọ ló gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní òun rí kókó, ìyá ti gbọ́ jẹjẹrẹ. (Èéfín tí wọ́n ti ń fà símú láti ọjọ́ yìí wá, fídíò mìíràn la ó fi sọ ìyẹn.)

X-ray nìkan ò tó, torí egungun ìhà àti ọkàn lè bo kókó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán CT ló ń fi àwòrán gé àyà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì. Etí kókó ni dókítà kọ́kọ́ ń wò. Tó bá dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ jẹjẹrẹ mìíràn máa ń dán bẹ́ẹ̀. Tó bá yọ ṣóńṣó káàkiri bí ẹ̀gún òòrẹ̀, ìfura dé. Wọ́n á tún wo inú ẹ̀. Bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, tàbí ohun funfun tó le bí egungun tó hàn bíi gúgúrú, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, gúgúrú náà làwọn dókítà ń pè é!

Ikọ́ ife ló ń da ọ̀rọ̀ rú nílẹ̀ wa. Àpá rẹ̀ lè jọ jẹjẹrẹ gẹ́lẹ́. Kódà nínú àwòrán PET, tí wọ́n ń fi súgà tó ní ìtànṣán yà, àwọn méjèèjì ló lè tàn yòò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè fọ́tò àtijọ́. Kókó tó ki, tí kò yí padà fún ọdún 2, kì í sábà léwu. Àmọ́ èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 10 tẹ́lẹ̀, tó wá di 13, ẹ má wò ó pé 3 péré ló fi lé: gbogbo ìhà ló ti ń fẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, nítorí náà àpapọ̀ ìwọ̀n inú rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí iyèméjì bá ṣì wà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò.

Ìyá wa ní X-ray ọdún 3 sẹ́yìn ń bẹ nílé, nínú àpò ìwé lábẹ́ tìmùtìmù. Dókítà ní kí wọ́n lọ mú un wá.