Owó Orí Ìpínlẹ̀ fún Tọkọtaya: Ilé ní New Jersey, Iṣẹ́ ní New York àti Philadelphia

Àbúrò: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo gbé wá bá yín lónìí. Trenton là ń gbé, ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manhattan, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia.

Ẹ̀gbọ́n: Tìrẹ ló rọrùn jù. New Jersey àti Pennsylvania ní àdéhùn pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé nìkan ni yóò gba owó orí lórí owó oṣù rẹ̀. Fọ́ọ̀mù REV-419 ni o máa fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ, kí wọ́n má baà yọ ti Pennsylvania.

Àbúrò: Háà! Ọdún tó kọjá látòkèdélẹ̀ ni wọ́n fi yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n: PA-40, fọ́ọ̀mù owó orí Pennsylvania, ni o máa fi gbà á padà, nítorí New Jersey kò ní torí ìyẹn dín tirẹ̀ kù. Owó orí ìlú Philadelphia kò sí nínú àdéhùn yẹn ní tirẹ̀. Ìyẹn ni New Jersey lè torí rẹ̀ ṣe ẹ̀dínwó fún ọ.

Àbúrò: Ti ìyàwó mi ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n: Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. New York kò bá New Jersey ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ẹ jọ kọ orúkọ yín sí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀, fọ́ọ̀mù IT-203, tí ẹni tí kì í gbé New York ń kọ, yóò béèrè gbogbo owó tí ẹ̀yin méjèèjì rí. Wọn yóò ṣírò owó orí bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ń gbé, wọn yóò sì wá mú kìkì ìdá tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọ̀dọ̀ wọn. Owó oṣù rẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé owó orí ìyàwó rẹ sókè, bí o kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń dùn mí fún àwọn ìdílé wa, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Àbúrò: Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n: Ti New York ni, ẹ parí rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan NJ-1040, fọ́ọ̀mù owó orí New Jersey. Iye owó orí tó jáde nínú IT-203 ni ẹ máa fi béèrè ẹ̀dínwó lọ́wọ́ New Jersey, kì í ṣe èyí tó wà ní àpótí 17 lórí W-2, ìwé owó oṣù tí ibi iṣẹ́ ń fúnni lọ́dọọdún. Owó tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ẹ jẹ gan-an lè kéré sí i. Mo ti jókòó ti ìdílé kan tí lẹ́tà ìjọba ká mọ́lé nítorí àṣìṣe kan ṣoṣo yìí, ọ̀sán gbáko la sì fi tún un ṣe.

Àbúrò: Àpótí 17 gan-an ni mo kọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n: NJ-1040X la fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀. Lọ gbé IT-203 ọdún náà wá.