Áàpù Tí Yóò Bá Yín Lọ Ra Ọkọ̀ Àkọ́kọ́

Owó àjọ bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ sì ní ọkọ̀ lẹ máa fi rà. Ẹ ò rà á rí. Ẹ dé Berger, lójú ọ̀nà Oṣòdì sí Apápá, tòkunbọ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Ẹ ní Camry lẹ ń wá. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, “Ọ̀gá mi, Muscle ni àbí Big Daddy?” Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni owó yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ áàpù tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín yìí. Áàpù tó ń ta ọkọ̀ ti wà nílẹ̀: ẹ ó rí àwòrán, ẹ ó rí iye owó, ẹ ó pe ẹni tó ni ín. Tiwa ò ta nǹkan kan. Ẹ̀yìn ẹni tó ń rà ló dúró sí.

Ó kọ́kọ́ ní láti gbọ́ èdè ọjà. Bí ẹ bá tẹ “Muscle”, Camry 2007 sí 2011 ni yóò gbé jáde. Big Daddy ló ṣáájú rẹ̀. End of Discussion ni Honda Accord tó jáde ní 2003, Evil Spirit sì ni èyí tó tẹ̀ lé e ní 2008. Ẹ má bi mí pé ta ló ń sọ ọkọ̀ lórúkọ ẹ̀mí burúkú. Kò sí èyí tí ẹ máa rí nínú ìwé tí Toyota tàbí Honda tẹ̀, àmọ́ òun ni wọ́n máa pè sí yín létí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa béèrè iye tó wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó rí àwòrán ọkọ̀ kankan, á ti yọ owó ìwé, owó nọ́ńbà, owó mẹkáníìkì, táyà àti ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú ìbánigbófò third party, tó ti kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní ọdún 2023. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lowó ọkọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sára rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà. Ẹyọ 17 ni, lẹ́tà pẹ̀lú òǹkà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀. 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010, B ni 2011. Bí wọ́n bá ní 2008 ni, tí ẹ sì rí 5 níbẹ̀, ẹ kàn rọra wo ẹni tó ń tà á lójú.

Lára irú ọkọ̀ yìí kan náà, ẹyọ kẹsàn-án ni olófòófó. Áàpù á sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di òǹkà, á sọ wọ́n di ìlọ́po bí àyè tí wọ́n wà ṣe rí, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á fi 11 pín in. Iye tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ bá ẹyọ kẹsàn-án mu. Bó bá ṣẹ́ ku 10, X ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá fọwọ́ pa ẹyọ kan dà, lọ́pọ̀ ìgbà ìṣirò yìí á tú u fó. Kò sì jẹ dátà rárá, inú fóònù ló ti ń parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ tún gbọ́ eléyìí: VIN kì í ní O, I tàbí Q. Bí kámẹ́rà tí áàpù fi ń ka VIN bá ka O, òdo ni. Bó bá ka I, 1 ni.

Tí dátà bá wà, NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, jẹ́ kí èèyàn yẹ VIN wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, àti bóyá wọ́n ti ní kí wọ́n dá a padà wá tún ṣe. Àìmọye ọkọ̀ ni wọ́n pè padà nítorí báàgì afẹ́fẹ́ Takata, tó lè bú, kó sì fi irin ha èèyàn lára.

Ṣùgbọ́n VIN ò lè gbóòórùn. Bí omi bá ti gbé ọkọ̀ rí, ọwọ́ yín ló máa mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí áàpù fi máa ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ohun kan lẹ́ẹ̀kan: “Ẹ fa bẹ́líìtì jáde dé ìdí. Ṣé ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀?” “Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀.” “Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Ṣé ó ti gbóná?” Mẹkáníìkì tí ẹni tó ń tà á bá pè wá fún yín, èèyàn tiẹ̀ nìyẹn, ẹ mú tiyín lọ́wọ́ lọ.

Bọ́tìnnì “Rà á” ò sí níbì kankan. Èyí tó kẹ́yìn ni “Mò ń bọ̀”. Ẹ tẹ̀ ẹ́, fóònù yín á dún bí ẹni pé wọ́n ń pè yín nílé. Ẹ gbé e, ẹ ní “Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti ń bọ̀,” kí ẹ sì máa rìn lọ.